Ọyẹ́, Òkè àti Bíréèkì: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Ṣe Mọ́tò Àgbà Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Láti àárín oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Kìíní, ẹni tó ń gbé Àsẹ̀rò kò nílò aago láti jí. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mọ́tò ti ń húkọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Ti bàbá aládùúgbò mi á ké kìn-ìn-ìn, á sinmi, á tún ké, á wá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Bàbá á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wo ojú ọ̀run, wọ́n á ní, "Ọyẹ́ yìí mà pọ̀ o." Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi mọ́tò yẹn kan náà kọlu ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kórópe kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Kò sí ẹni tó fara pa, iná ẹ̀yìn kórópe ló fọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún ọlọ́kórópe kò yàtọ̀ sí ti àárọ̀ ọjọ́sí: "Bíréèkì ló já. Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ni" yìí ti pọ̀ jù létí mi. Awakọ̀ ń sọ ọ́, mẹ́káníìkì ń sọ ọ́, ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lóṣù mẹ́ta ń sọ ọ́. Èló gan-an ni tiẹ̀ nínú ẹ̀sùn tí à ń kà sí i lọ́rùn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku ló ń rù bọ̀. Ní Abẹ́òkúta, òwúrọ̀ tó mú dáadáa lè sọ̀ sí nǹkan bí 18°C. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti gbé e kọjá 30°C. Ẹ́ńjìnnì kì í ka 18°C sí òtútù. Ẹ wo ara ike ọ́ìlì tí ẹ rà kẹ́yìn, ẹ ó rí 20W-50 tàbí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. W yẹn, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ló dúró fún, −15°C sì ni wọ́n ti máa ń dán 20W wò bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tó yege níbẹ̀ kò ní torí ọyẹ́ Ẹ̀gbá dì. Kódà, tí a bá pa ooru ọ̀sán àti ti òru pọ̀, nǹkan bí oṣù Kẹjọ ni ilẹ̀ wa tutù jù, kì í ṣe àsìkò ọyẹ́. Síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ kí awakọ̀ kan bú oṣù Kẹjọ pé òun ni kò jẹ́ kí mọ́tò òun sítáàtì.

Bátìrì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí nínú ọ̀rọ̀ bàbá aládùúgbò mi. Lóòótọ́, òtútù gidi a máa gba agbára lọ́wọ́ bátìrì. Ní −18°C, ó lè pàdánù bí ìdajì. Ṣùgbọ́n ní 18°C tiwa, ohun tó ń sọnù kò tó nǹkan. Ooru ló ń pa bátìrì níhìn-ín: ooru oṣù Kẹta, ooru abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánsẹ́kẹ́. Ooru ti jẹ ẹ́ tán láti ìgbà yẹn. Ọyẹ́ kàn wá ṣí aṣọ lójú òkú ni. Rewáyà tó mọṣẹ́ kò ní wo ojú ọ̀run. Mítà ni yóò gbé lé e: bátìrì tó yó á mú 12.6 volt wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ bí 12 péré ni, ebi ń pa á. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 àti 14.4. Tí kò bá dé ibẹ̀, bátìrì tuntun mẹ́wàá ni ẹ ó rà lásán, nítorí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa bọ́ ọ kò bọ́ ọ. Ẹ sì wo orí bátìrì náà, níbi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wú síbẹ̀ tó láti jẹ́ kí kíkísítátà máa ké bí ẹni tí ọfun ń dùn. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì lásán ló ń wò ó sàn.

Àwọn tó ṣì ń wa mọ́tò oní-kábúrétọ̀ ní ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n nílò epo tó ki díẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ṣóòkù. Èyí tó kù ní Abẹ́òkúta nínú wọn, mẹ́káníìkì ti yọ ṣóòkù ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ayébáyé, olówó rẹ̀ ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí epo sí i bí ẹni tí ń lu ìlù. Wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Thermostat ni mo fẹ́ bá àwọn mẹ́káníìkì wa jà lé lórí. Ìdérí kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó wà lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ìda inú rẹ̀ ló ń wú nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 82°C sí 90°C, á wá ṣílẹ̀kùn. Kí ó tó dìgbà yẹn, ó ti ilẹ̀kùn pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Mọ́tò tòkunbọ̀ kan á dé, á gbóná ní ọjọ́ kan lọ́nà Ṣágámù, mẹ́káníìkì á tú thermostat náà, á jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ibí kì í ṣe London." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu mẹ́káníìkì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ohun tó sì ń jẹ mọ́tò níyà láàárọ̀ ọyẹ́ nìyẹn gan-an. Láìsí ìdérí náà, omi á máa yí kiri láti ìgbà tí a bá ti tan iná, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè móoru, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé kò tíì jí, á máa da epo sí i. Èéfín dúdú, epo tó ń tètè tán, ọ́ìlì tó ń di ẹrẹ̀ lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí epo sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò yẹ kí a tún máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìdérí kékeré yìí. Èyí tó mú mọ́tò yẹn gbóná lọ́nà Ṣágámù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rédíétọ̀ tí omi kànga ti fi dógún dí. Wọ́n yọ ọlọ́ṣà sílẹ̀, wọ́n mú maigádì.

Àmọ́ òtútù kan wà tí a kì í kà mọ́ ọyẹ́, òun ló sì yẹ ká bẹ̀rù jù: òtútù tí mọ́tò ti jẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká ṣe ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020: láàárín 2015 àti 2018, mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù ló kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, kò sì sí apá ayé tó gbà tó Áfíríkà nínú wọn. Antwerp ní Belgium wà lára èbúté tí wọ́n ti ń kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi, Kútọnu àti Èkó wà lára ibi tí wọ́n ń já wọn sí. Títí di oṣù Kìíní 2017 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é pé mọ́tò kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, Ìdìrókò níhìn-ín ní Ògùn jẹ́ ọ̀nà kan pàtàkì fún wọn. Iyọ̀ ni wọ́n ń da sójú títì ní Belgium, Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà nígbà òtútù kí yìnyín má bàa di. Iyọ̀ yẹn á fò mọ́ abẹ́ mọ́tò fún ọdún mẹ́wàá, á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ mọ́tò yẹn náà ni páìpù irin tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá wà, kò nípọn ju gègé ìkọ̀wé lọ.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ kì í wo ibẹ̀. Kíkùn ara rẹ̀ là ń wò, a óò wo àga, a óò tan AC, a óò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Èmi náà kò wò ó. Ọdún kejì tí mo ra tèmi ni ọmọ iṣẹ́ kan fi tọ́ọ̀ṣì tàn án lábẹ́, tó fi èékánná họ páìpù bíréèkì apá òsì, tí ó sì ṣí lára bí èèpo ẹ̀pà. Omi yọ níbẹ̀ sójú èékánná rẹ̀. Ó nà án sí mi: "Ẹ gbóòórùn ẹ̀." Mo ṣì ń wà á gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bíréèkì gba kí a jókòó tì í, pàápàá ní ìlú yìí. Orí àpáta ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní 1830. Àwọn tó sá wá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun ń wá ibi tí ọ̀tá kò ti ní lè sáré gùn. Wọn kò ro ti ẹni tó máa wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbà pé mọ́tò kan wọn 1,200 kg pẹ̀lú èrò inú rẹ̀, ó ń sọ̀ láti ìdí Olúmọ wá sí apá Ìtòkú, tàbí òkè yòówù tó ga ní mítà 40. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí eré kò fi pọ̀ sí i, agbára ìsọ̀kalẹ̀ yẹn á di ooru lára disiki àti dúrọ́ọ̀mù, ooru tó tó láti mú omi lítà kan ààbọ̀ hó. Ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn o. Onítakisí tó ń gùn, tó ń sọ̀ láti òwúrọ̀, ó ti se omi ìwẹ̀ gbogbo agbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ èyí. Gíá kejì ni wọ́n fi ń sọ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń jẹ́ kó di mọ́tò mú. Gíá tó ń yí fúnra rẹ̀ náà ní L tàbí 2 lára, ọ̀pọ̀ wa kò tíì fọwọ́ kàn án rí.

Ibo ni ooru náà ń lọ? Ọ̀dọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. Nǹkan yìí fẹ́ràn omi bí iyọ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fà á láti inú afẹ́fẹ́, láti ara họ́ọ̀sì rọ́bà, láti ìdérí tí a kò dé dáadáa. Òfin ní DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205°C, DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C. Bí omi inú wọn bá ti tó ìwọ̀n 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí òfin lè béèrè lọ́wọ́ wọn ti wálẹ̀ sí 140°C àti 155°C. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì. Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń bù kún un ni. Mo tilẹ̀ ti fojú mi rí awakọ̀ tó da omi ọṣẹ sí i lọ́nà Ọdẹ́dá, tó sì ń bá èrò ṣàwàdà lọ.

Ọjọ́ tó bá hó, ooru omi ló máa wà nínú páìpù dípò ọ́ìlì. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ooru omi ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ pátápátá, mọ́tò á máa lọ. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, bíréèkì á padà mú. Mẹ́káníìkì á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, á ní òun kò rí ohun tó ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ayé àti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ti máa ń wọ inú ìtàn náà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí à ń lò pàápàá ń tàn wá. "Bíréèkì já," bí ẹni pé okùn ni. Okùn a máa já lójijì. Yàtọ̀ sí háńdì bíréèkì tó ní wáyà, kò sí okùn nínú bíréèkì mọ́tò òde òní. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé ojú ọ̀nà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ tí èkejì bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mọ́tò tó ń wá láti ibòmíràn rí. Nítorí náà, mọ́tò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ tí kò mú rárá, ọ̀nà méjèèjì ti ní àbùkù, tàbí kí gbogbo ọ́ìlì rẹ̀ ti gbó. Ó ti ń ráhùn tipẹ́.

Ìráhùn yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì kan ló kọ́ mi. Ó ní kí n jókòó sínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, kí n tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin títí á fi le.

"Àbúrò, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má fi sílẹ̀. Ó ya, sítáàtì ẹ̀."

Mo sítáàtì. Ẹsẹ̀ mi sọ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fa tìmùtìmù lábẹ́ rẹ̀.

"Ó sọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Hydrovac ẹ, èyí tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, wà láàyè. Tí kò bá sọ̀, òkúta lo máa máa tẹ̀ kiri. Ṣì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

A jọ dákẹ́. Ó ka nǹkan bí ọgbọ̀n lẹ́nu. Ẹsẹ̀ mi ń rìn lọ sísàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí pé mo fi agbára kún un. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì ò dín, ilẹ̀ ò tutù lábẹ́ táyà, ẹsẹ̀ ń wọlẹ̀. Rọ́bà inú bíréèkì másítà ti jẹ nìyẹn. Inú ló ń gbà sá."

Mo ti fi ìdánwò yẹn wo mọ́tò mẹ́ta mìíràn láti ìgbà náà. Èyí tó bá rọ̀ bí fùkẹ̀, tó sì ń le tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀nà ọ́ìlì. Èyí tó ń fa sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rìn ín bíi kìlómítà márùn-ún, ẹ fọwọ́ súnmọ́ rọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbóná ju ìyókù lọ, kálípà rẹ̀ ti há, tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti wú nínú, ọ́ìlì wọlé kò lè jáde. Èyí tó ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí eré, disiki rẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Tó bá ń ké fíìn, páàdì rẹ̀ ń sọ fún yín pé òun ti fẹ́ tán. Tó bá ń lọ̀ gìrìgìrì bí ọlọ, ó ti tán, irin ló ń jẹ irin.

Ohun tí mo kórìíra jù nínú iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni blọ́ọ̀kù. Họ́ọ̀sì táyà kan bá bẹ́, wọ́n á ká a kò, wọ́n á fi wáyà dì í, tàbí kí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó, wọ́n á ní kí o máa fi táyà mẹ́ta lọ. "Títí ẹ ó fi délé ni o," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà, mọ́tò náà ṣì wà lójú títì. Atẹ́gùn inú táyà yín kò ju bí 35 psi lọ. Nígbà tí ẹ bá fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, ohun tó wà nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè kọjá 1,000. Ìṣó ni wọ́n fi ń dí i.

Kí wá ni ti ọyẹ́ nínú gbogbo èyí? Ó ní tiẹ̀, n kò ní yọ ọ́ lẹ́bi tán. Eruku rẹ̀ ń wọ inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, ń wọ ojú irin kékeré tí kálípà ń yọ̀ lé lórí, gírísì ibẹ̀ á gbẹ, kálípà á há. Ó ń dí asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ohun tó sì ń jẹ́ kí àwọn mọ́tò kan máa mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè Ìbarà nìyẹn. Rọ́bà tó ti darúgbó á lanu sí i nínú gbígbẹ rẹ̀. Ìró "kíì" tí bíréèkì ń dún láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, ìpata fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ lójú disiki lóru ni, ìtẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti nù ún kúrò. Òjò burú fún bíréèkì ju ọyẹ́ lọ: ẹni tó bá la omi Ṣókòrì kọjá nígbà tó bá kún bo títì, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ á mu omi, kò ní mú títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ gbẹ. Ní ti iná ìkìlọ̀ bíréèkì ABS tí mẹ́káníìkì yọ gílóòbù rẹ̀ kó má bàa máa tàn lójú ọ̀gá, mo rò pé ẹ ti mọ ohun tí mo máa sọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dá mọ́tò dúró lójú pópó láti yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ló fi lè wò ó. Ojú rí táyà, ó rí iná, ó rí ìwé. Kò rí omi tó wà nínú ọ́ìlì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT. Mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta á máa lọ lọ́dọọdún, wọ́n á gbé táyà rẹ̀ sórí irin tó ń yí, wọ́n á wo bí bíréèkì kọ̀ọ̀kan ṣe mú sí. Àwọn ará wa ní Peckham ní London mọ ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn. Páìpù tó dógún bíi tèmi yẹn, kò ní kọjá níbẹ̀. Mọ́tò tó bá kùnà níbẹ̀, tí àtúnṣe rẹ̀ sì ju owó rẹ̀ lọ, olówó rẹ̀ á tà á dànù ni. Ní Belgium náà, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà, ibi tí àwọn tó bá kùnà ń gbà lọ ni mo sì ti sọ lókè, níbi tí mo ti mẹ́nu kan Antwerp.

Bàbá aládùúgbò mi ti ra bátìrì tuntun. Mo lọ kí wọn, mo sì béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n máa ń pààrọ̀ ìyẹn náà ni?" A ṣí ìdérí rẹ̀. Dúdú bí ọwọ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ adìrẹ tó ń kúrò nídìí ìkòkò aró ló rí, ohun tó yẹ kó mọ́ bí oyin tuntun. Lítà kan tó fún gbogbo rẹ̀, ẹni méjì sì lè ṣe é láàárín wákàtí kan, kí ọ̀kan máa tẹ̀, kí èkejì máa tú u lábẹ́ táyà. Ẹ bá mi bi mẹ́káníìkì tiyín náà kí ọyẹ́ tó dé.